Dátà Ni Mo Fi Ń Gbọ́ Rédíò Àgídìngbì

Àgídìngbì ní Ìkẹjà ni Radio Lagos, 107.5 FM, wà. Láti 1977 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ilé iṣẹ́ tí èmi ń bá ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń ṣe ike, kò jìnnà sí wọn, ẹ̀bá Ọba Akran ni. Rédíò kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Agége á gbé wọn ketekete láìgba kọ́bọ̀. Èmi wá jókòó, mo ń ra dátà, kí ohùn wọn lè gba inú wáyà lọ bá kọ̀ǹpútà kan ní ìlú tí n kò mọ̀, kó tó yí padà wá bá mi ní Ìkẹjà.

Mo ní ìdí tèmi o. Abẹ́ páànù ni ọ́fíìsì mi wà, ó fara ti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ike. Bí àwọn mọ́tò yẹn bá ti gbéra, ṣìììì ni rédíò á máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láptọ́ọ̀pù mi sì rèé, àlòkù Computer Village, ó ti darúgbó débi pé Linux nìkan ló kù tó gbà láti bá a gbé. Bí mo bá ṣí ojúewé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ á dá gọ́gọ́.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ògbà ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ojúewé ṣe? Ẹ lọ sí ojú dúdú tí ẹ ti ń kọ àṣẹ yẹn, ẹ kọ mpv, ètò tó ń gbé ohùn jáde, ẹ fi àdírẹ́sì rédíò náà tẹ̀ lé e, ẹ tẹ Enter. Ó parí.” Ọmọ náà kò purọ́.

Àdírẹ́sì ojúewé ilé iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́kọ́ fún mpv. Ó ní òun kò dá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ mọ̀. Mo wá fáìlì kan tó parí sí m3u rí, mo ṣí i, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀. Mo bínú, mo pa á rẹ́. Ìlà yẹn gan-an ni àdírẹ́sì tí mo ń wá! Nígbà tí mo tún un rí, dípò kí n gbé e fún mpv, mo ní kí n kọ́kọ́ fi curl, ètò tó ń fa ohun inú àdírẹ́sì wá, yẹ̀ ẹ́ wò. Curl kìlọ̀ fún mi. Ó ní ohun tí mo fẹ́ wò yìí lè ba ojú ìkọ̀wé mi jẹ́, àmọ́ bó bá jẹ́ pé mo ta kú, kí n fi --output àti dáàṣì kan sí i. Mo ta kú. Orin ni mo sọ pé kí ó kọ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́: àmì tí ènìyàn kò rí rí ń da wìtìwìtì, kọ̀ǹpútà ń dún kíní-kíní, nígbà tí mo sì dá a dúró, orúkọ ara mi tí mo tẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. “Reset” ni oògùn rẹ̀. Ojúmọ́ kejì ni mo tó mọ̀, lẹ́yìn tí mo ti pa láptọ́ọ̀pù náà tán pátá.

Nígbà tí mo wá gbé àdírẹ́sì náà fún mpv, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ geere, ni mo mọ̀ pé ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú mpv, lẹ́tà q ni wọ́n fi ń pa á. Lẹ́tà m kàn ń di í lẹ́nu ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan mo tẹ m, mo gba ilé lọ. Ínfátà ọ́fíìsì kò jẹ́ kí iná lọ, mífì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rédíò tó ń fi 128 kílóbíìtì ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ dátà tó lé ní 55 mẹ́gábáìtì láàárín wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ó lé ní 3 gígábáìtì, kò sì sí etí kankan tó gbọ́ ọ.

Cron náà dá sí i. Òun ni ìránṣẹ́ inú Linux tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un. Mo ní kó máa tan ìròyìn fún mi ní aago méje àárọ̀. Ibi tó yẹ kí n kọ òdo sí, ìràwọ̀ ni mo kọ síbẹ̀, ìràwọ̀ sì túmọ̀ sí “ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.” Rédíò tuntun ń ṣí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, èyí àtijọ́ kò sì kú. Kí aago méje tó kọjá lọ tán, akéde kan ṣoṣo ti di ẹgbẹ́ akọrin tí ẹnu wọn kò ṣọ̀kan.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ìta ni Bàbá máa ń wà, rédíò kékeré rẹ̀ kò ní ṣìììì. Bí a bá jọ ń gbọ́ bọ́ọ̀lù, Bàbá á ti pariwo “góòlù!” nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láàárín pápá lọ́dọ̀ tèmi, nítorí mpv gbọ́dọ̀ kó ohùn jọ díẹ̀díẹ̀ kó tó tú u síta. Bàbá ní bàbá tòun san owó oṣooṣù rí l'Ékòó nítorí àpótí tó ń sọ̀rọ̀ láti inú wáyà. Redifúṣọ̀n ló ń wí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Ó ní, “A bọ́ nínú wáyà, ìwọ tún fi owó ara ẹ wọ̀ ọ́.”

Gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ eré. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ àwọn sípíkà ńlá tí a fi ń pe òṣìṣẹ́. Ssh ni mo fi ń wọ inú rẹ̀ láti orí tábìlì mi. Ojú dúdú kan náà, lẹ́tà funfun kan náà, orúkọ mi náà ló wà níbẹ̀. Orúkọ kọ̀ǹpútà nìkan ló yàtọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ta ló sì ń ka ìyẹn?

Lọ́jọ́ náà mo fẹ́ gbọ́ rédíò kan tí Bàbá ń gbọ́ ní géètì láàárọ̀. Mo ki wáyà bọ etí, mo kọ mpv, mo tẹ Enter. Aago rẹ̀ ń ka, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ òdo kí ohùn lọ sókè. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé 130, ibi tí mpv kì í kọjá. Mo yọ wáyà etí, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Ohùn kan ń bọ̀ láti òkèèrè, mo ṣe bí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé ni.

Ọ̀gá wa àgbà ń mú àwọn ará báǹkì yí gbọ̀ngàn ká nígbà yẹn, nítorí owó kan tí a fẹ́ yá. Ohùn tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ ń bi wọ́n pé: “Ẹ̀yin bàbá, ṣé bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ ń fi ìdí lé?” Ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, olùpolówó kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Mo ya ojú dúdú mìíràn, mo kọ pkill mpv kí n lè pa á. Kò ṣe nǹkan kan. Láptọ́ọ̀pù tèmi ni mo ti ń wá ẹni tí kò sí nílé láti pa. Olùpolówó ti ka àmì àìsàn náà dé orí èyí tí n kò lè kọ síbí kí n tó rántí q.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, mo dáhùn rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

“Àgbo yẹn,” ni Ọ̀gá wí, wọn kò wò mí lójú, “ṣé o gbọ́ nọ́ńbà wọn?”

“Ẹ má bínú, sà. Mo ti pa á kí wọ́n tó kà á.”

Mo sáré lọ bá Bàbá ní géètì. Rédíò Bàbá ti ka nọ́ńbà náà jáde tipẹ́. Ó wà nínú ìwé àlejò, lábẹ́ nọ́ńbà mọ́tò àwọn ará báǹkì. Bàbá ní kí n rọra dà á kọ, kí n má ya ìwé náà, nítorí ẹni tó de táì nínú wọn ti kọ́kọ́ fẹ́ ya á lọ.