Ìjàpá, Ẹlíírí àti Ìlẹ̀kẹ̀ Àjọni

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti eku Ẹlíírí.

Ìjàpá ní ìlẹ̀kẹ̀ 7. Ó ku ẹyọ kan kó pé 8, kó lè joyè. Ẹlíírí ní ẹyọ kan ṣoṣo, òun náà ń wá ìkejì. Ìjàpá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mú tìrẹ wá, kí n mú ẹyọ kan nínú tèmi, ká sín wọn sórí okùn kan, ká jọ dì í mú. Bí mo bá kà á, tèmi pé 8. Bí o bá kà á, tìrẹ pé 2. Ta ló rẹ́ ta jẹ?"

Ẹlíírí gbà. Ó ṣáà rí ìbejì kan ládùúgbò, eku ni àwọn méjèèjì, tí wọ́n di irú okùn bẹ́ẹ̀ mú. Agbára wọn dọ́gba, ìlẹ̀kẹ̀ wọn ò yẹ̀ kúrò láàárín. Kò mọ̀ pé agbára ìfà tòun jẹ́ 2.20, ti Ìjàpá jẹ́ 3.16. Ìjàpá ò jà á gbà o. Ó kàn ń fà á, ó ń kọrin:

Tèmi tìrẹ ni.
*Fà á, fà á!*
Àjọni wa ni.
*Fà á, fà á!*
Ọ̀dọ̀ mi ló sún mọ́.
*Fà á, fà á!*

Bí Ẹlíírí bá kùn, Ìjàpá á na ìwé àdéhùn sí i: "Ṣé orúkọ rẹ kọ́ nìyí?"

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bọ́ sódò. Ọ̀pọ̀lọ́ tó ni omi fa Ẹlíírí lápá. Ìjàpá bá já okùn gbà, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì lọ. Ẹlíírí rọ̀ mọ́ Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn, ọwọ́ òfìfo. Láti ọjọ́ náà ni omi yẹn ti kan, tí irú rẹ̀ fi wà nínú ikùn gbogbo wa. Ẹni tí wọ́n gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, eyín ló kù fún un. Ẹlíírí gé irin jẹ, ó gé páànù jẹ.

Ìjàpá ń yan fanda nínú omi. Àfi bí ìyá ọlọ́ṣẹ ṣe da kọ́sítíìkì sódà sódò. Ẹlíírí rí ẹni tó bá a di okùn mú nínú rẹ̀, ó rọlẹ̀, ó di omi. Ṣùgbọ́n Alángbá náà wà nínú kọ́sítíìkì sódà yẹn, ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí oòrùn ṣe ń fa omi gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń sún mọ́ Ìjàpá. Omi gbẹ tán, wọ́n gan mọ́ra wọn. Àwọn obìnrin bù wọ́n, wọ́n ní, "Iyọ̀ rèé!" Wọ́n dà wọ́n sọ́bẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì kẹ́mísìrì mọ orúkọ tí Ìjàpá ń jẹ́ gan-an. Ẹ̀yin àgbà náà mọ̀ ọ́n, ẹ̀ ń dákẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ wá jọ ní nǹkan, ẹ má bi í léèrè ohun tó mú wá. Ẹ bi í léèrè ohun tó kù kí tirẹ̀ tó pé.