Ọ̀gá Ẹ̀fọn Dé Àdúgbò Wa

Ẹni tó bá sọ fún yín pé èéfín ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun ẹ̀fọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò tíì pàdé Ọ̀gá Ẹ̀fọn. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá. Wolé-wolé ni. Kò ga, kò sanra, bàtà òjò ló máa ń wọ̀ bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, ìwé ńlá kan wà lábíyá rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì wà lápò, ṣíbí ìbùbẹ̀ funfun gbàgẹ̀dẹ̀ kan wà lọ́wọ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa tí ìgbà ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń wọlé bọ̀, òun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹ̀fọn apá ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọjú sí wa ní Ìjàsì, ṣe ni àwọn èèyàn tú síta, wọ́n ń bi í pé ẹ̀rọ èéfín dà. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ kọjá, kó máa tú u fùúù, kí àwọn ọmọdé máa sáré tẹ̀ lé e, kí olóṣèlú kan sì rí fọ́tò yà. Ó ní rárá o. Ó ní èyí tó ń fò níta nìkan ni èéfín ń pa. Èyí tó sá sẹ́yìn aṣọ nínú yàrá kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà nínú omi kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ ó sùn, ẹ ó jí, àwọn ọmọ yẹn á hu ìyẹ́, ẹ ó tún máa pariwo.

Ni Bàbá Onílé tó dojú kọ wa bá na ọwọ́ sí gọ́tà iwájú ilé wa. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń nawọ́ sí gọ́tà yẹn, wọn ò sì nawọ́ sí ìyàwó wọn tó ń da omi ìfọṣọ sínú rẹ̀ rí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná, a ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀gá Ẹ̀fọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀fọn gọ́tà wà lóòótọ́, òun ló ń kọrin sí wa létí lóru. Èyí tó ń fa ibà lásán náà wà, kòtò omi tí oòrùn ń pa ló fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri yàtọ̀: dúdú ni, àmì funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jẹni, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pàápàá. Kì í yé ẹyin sínú ìdọ̀tí. Omi tó tòrò ló ń wá: àmù, dúróòmù, agolo mílíìkì, èèpo àgbọn, inú táyà, abọ́ tí wọ́n gbin òdòdó sí. Mo ní, "Ẹ ò rí i pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ̀fọn ọ̀hún, kì í ṣe nǹkan ẹ̀gbin." Ó kọ nǹkan sínú ìwé. N ò mọ ohun tó kọ.

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Alágbo lọ̀rọ̀ ti wá di ariwo. Obìnrin yẹn mọṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ láti Mọ̀lípà dé Òkè-Ọ̀wá. Ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ pọ̀ ju oníbàárà rẹ̀ lọ, omi òjò ló sì ń gbè sínú gbogbo wọn, ó ní omi òjò kò lábùkù. Ọ̀gá Ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀kan. Nǹkan tín-tìn-tín ló kún ojú omi, gbogbo wọn doríkodò, wọ́n fi ìdí rọ̀ mọ́ ojú omi bí àdán ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Bí òjìji ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá lórí wọn, wọ́n ta jàn-ìn-jàn-ìn, wọ́n di ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó dúró, kò mira. Wọ́n tún ń gòkè bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ká kò, wọ́n ń nà. Ó fi ṣíbí funfun bù wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Alágbo ní, "Tanwíji lásán-làsàn! Ìyá tó bí ìyá mi mu omi tanwíji, wọ́n sì gbó kí wọ́n tó kú."

Ọ̀gá Ẹ̀fọn kò bá a jiyàn. Ó rọ omi náà sínú ìgò, ó gba àjákù nẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ mi, ó fi bo ẹnu ìgò, ó fi rọ́bà dì í, ó ní kí n gbé e sójú fèrèsé kí gbogbo ilé máa wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, a gbàgbé tẹlifíṣọ̀n! Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ìdí ìgò la wà. Tanwíji sanra, wọ́n ká kókó, wọn ò jẹun mọ́. Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ yí po, ẹ̀fọn ti ń fò lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ wọn sì ní àmì funfun bí ọkùnrin náà ti wí. Ìyá Alágbo wá, ó fi jígí ojú rẹ̀ wò wọ́n títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó délé ló gbé kàn-ìn-kàn-ìn. Dída omi nù nìkan kò tó o. Ẹyin ẹ̀fọn yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó lè gbẹ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọjọ́ tí omi bá tún kàn án ni ọmọ jáde. Àfi kí èèyàn ha á. Ìyá Alágbo ha á. Ó wá ń sọ lọ́jà Òkè-Àjẹ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀.

Nígbà tí àwọn ìyá wa wà lọ́mọge, ta ló jẹ́ máa jókòó ti wolé-wolé wo ìgò? Ṣòkòtò kakí péńpé ló ń bọ̀ lókèèrè yẹn. Bí ọmọdé bá ti figbe ta pé wolé-wolé ń bọ̀, gbogbo àgbàlá á máa da omi àmù nù, omi tí wọ́n fàárọ̀ pọn. Ẹni tí wọ́n bá ká tanwíji mọ́ lọ́wọ́, sàmáńsì ni. Ìjọba òyìnbó ló kó ìyẹn dé. A ṣáà ti ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú mọ́ wọn títí ogun Ìmagbọn 1892 fi ṣí i. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, omi inú àmù wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ẹ̀fọn ní tirẹ̀ kò sanwó ibodè rí.

Ṣùgbọ́n ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yìí, ó pa òyìnbó náà. Èyí tí Ọ̀gá Ẹ̀fọn sọ fún mi nìyí, mo sì sọ fún gbogbo èèyàn. Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà kó àwọn dókítà wá sí Yábàá l'Ékòó kí wọ́n wá ìdí àrùn náà. Wọ́n gbìyànjú lára ọ̀bọ ilẹ̀ wa, ọ̀bọ kò ṣàìsàn. Ni wọ́n bá lọ ra ọ̀bọ Íńdíà! Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ará Gold Coast kan, Asibi, tí ibà náà mú, wọ́n gún un sára ọ̀bọ Íńdíà, ó sì mú ọ̀bọ. Asibi gbádùn, ó dìde. Dókítà Stokes tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò rí i gbé, ibà yẹn kan náà ló pa á l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Dókítà Noguchi, ará Japan, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun mọ ohun tó ń fà á, ohun tó sọ kò sì jóòótọ́. Ó wá sí Accra kó wá tún un wò, ó kú síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1928. Dókítà Young tó yẹ òkú rẹ̀ wò, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà ti tẹ̀ lé e. Èmi kì í fẹ́ràn ìtàn ikú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó dùn sí: kòkòrò tí wọ́n gbà lára Asibi ni Max Theiler àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọgbọ́n sọ di aláìlágbára, tó di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní káàdì yẹ́lò, Asibi lẹ gbà sápá yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń gbà á láyé, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tí kò gbà á, kó má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Ibà náà jà l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1987, ẹ̀fọn inú ilé yìí náà ló gbé e kiri. Ní 2017 ó tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn ní Kwara, lára ọmọdébìnrin kan.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu iṣẹ́ Ọ̀gá Ẹ̀fọn. Ó kan ilé àwọn ọlọ́lá.

Ilé tá à ń gbé kọ́ ló ń dààmú Ọ̀gá Ẹ̀fọn, ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀ ni. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa: wọ́n á wà l'Ékòó, wọ́n á wà ní London, wọ́n á kọ́ ilé alájà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n á tì í pa. Ó di Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, kí wọ́n tó wá bá régbérégbé wọn wọ aṣọ kan náà. Iléyá sì ti bọ́ sínú òjò báyìí, oṣù kẹfà ló bọ́ sí ní 2024 àti 2025. Kí onílé tó dé, táǹkì tí kò lọ́mọrí ti kún, abọ́ òdòdó ti kún, ẹ̀fọn ti jogún ilé. Wolé-wolé kò gbọ́dọ̀ fo fẹ́ǹsì. Ìwé tó bá lẹ̀ mọ́ géètì, òjò á jẹ ẹ́.

Ló bá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Mo bu ìkọ́kọrẹ́ fún un. Ó ní, "Màmá, ta ló ni ilé pupa tí wọ́n tì pa yẹn?" Ó bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo sọ ẹni tó ni í, mo sọ àbúrò rẹ̀ tó ní nọ́ńbà rẹ̀, mo sọ ìdí tí wọn ò fi ń kí ara wọn. Mo sọ ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé aláwọ̀ ewé, mo sọ opó tó ni dúróòmù mẹ́ta lẹ́yìn ilé ìdáná tó fi aṣọ bò kí wọ́n má baà rí i. Ó ń kọ ọ́, ó ń kọ ọ́, ọbẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò rí máàpù tó péye tó báyìí. Àwọn kan sì máa ń pe èèyàn ní olófòófó!

A jọ lọ sí ilé pupa. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ ní ọ̀gá òun ní kí òun má ṣílẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni. Mo fà á sẹ́yìn díẹ̀, mo bi í pé ṣé ọ̀gá rẹ̀ náà ló ní kó máa gba owó ilé lórí yàrá ẹ̀yìn. Géètì ṣí. Ọ̀gá Ẹ̀fọn bu oògùn hóró-hóró tó ń pa tanwíji sínú táǹkì, ó ní kí wọ́n bò ó. A gbọ́n omi abọ́ òdòdó, a yí táyà sábẹ́ òrùlé.

Ibi tí mo ti ń wá táyà kiri lẹ́yìn ilé ni mo ti rí okùn tí wọ́n sáṣọ sí. Ṣòkòtò sányán kan wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú pupa lẹ̀ lórúnkún. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí ṣòkòtò yẹn rí, níwájú gọ́tà wa. Bàbá Onílé! Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n máa ń sọ fún ìyàwó pé àwọn ti ń ṣèpàdé.

Mo wojú Ọ̀gá Ẹ̀fọn. Ó kọ táyà, ó kọ táǹkì, ó pa ìwé dé. Ìyàwó Bàbá Onílé ti wá bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí la rí nínú ilé pupa. Mo ní tanwíji ni. Ó ní ṣé tanwíji nìkan. Mo ní kó jókòó ná.