Oríkì Aláṣọ-Àlà Abẹ́ Ewé Máńgòrò

Kábíyèsí, aláṣọ-àlà abẹ́ ewé! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn Ìkòsì kí ọ. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ o, nítorí ẹni tó bá pẹ́ lábẹ́ igi rẹ, aṣọ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Abara-funfun-má-fọṣọ,
Ẹ̀yọ̀ tí kò mú òpáǹbàtà dání,
Àlejò tó wọlé tán, tó ní kí onílé lọ sùn ní gbàgede,
Afẹnu-ṣabẹ́rẹ́ tó ń fa omi ara igi mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́,
Ọba tó tọ̀ sílẹ̀, tí àwọn ìjòyè ń sáré wá lá a!

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ àdúgbò wa, Kòsọ́fẹ́, etí rẹ̀ á gbọ́ "kò sí ọ̀fẹ́", etí rẹ̀ kò sì parọ́ fún un. Ní Mile 12, ata rodo tó bá já bọ́ lára apẹ̀rẹ̀ kò ní tíì kan ilẹ̀ tí ẹnìkan á ti sọ iye rẹ̀. Ní Kétu, ènìyàn á sanwó kó tó dúró, á sanwó kó tó kúrò, agbèrò tún lè gba tirẹ̀ nítorí pé ẹni náà ń ronú bóyá kó dúró. Ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo rí tó ń jẹ tó ń mu ní àgbègbè yìí tí ẹnikẹ́ni kò já tíkẹ́ẹ̀tì fún. Ọgbà ilé ìwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé àwọn ará Ògùdù tó ní géètì gìrìwò: níbi tí máńgòrò bá ti na ẹ̀ka, ààfin rẹ nìyẹn. Bí kò sí máńgòrò, ọsàn ń bẹ. Bí kò sí ọsàn, gbẹ̀rẹ̀fútù ń bẹ, ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n gbìn fún ibòji ń bẹ, frangipani tí wọ́n fi ṣe iwájú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ń bẹ. Ẹnu ọba kì í ṣa oúnjẹ.

Ọba mìíràn a máa fi kàkàkí kéde ara rẹ̀. Mọ́tò Bàbá onílé wa lo fi ṣe kàkàkí tìrẹ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Bàbá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ohun kan tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ ti bo mọ́tò náà láti imú dé ìdí, gíláàsì iwájú kò ṣeé fi rí òde. Mẹkáníìkì ojúlé kejì ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ó fi Bíbélì búra, nígbà tí ìyẹn kò tó, ó fi spánà kan eyín, ó fi Ògún búra. Bàbá kò gbà. Ó di ọjọ́ kẹta kí ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà tó gbé ojú kúrò nínú agbada, tó ní: "Bàbá, ẹ wòkè. Igi yín ló ń tọ̀."

Ìyá alákàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Omi ara igi tí o ń fà mu, ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ikùn rẹ gbà lọ, o sì ń tú ìyókù dà sórí ẹnikẹ́ni tó bá wà nísàlẹ̀. Orí oje yẹn ni ìran olú kan ti ń hù, dúdú bí ìdí ìkòkò, tí yóò bo ojú ewé títí oòrùn kò fi ní ráyè wọ̀ ọ́, tí ewé kò fi ní lè se oúnjẹ igi mọ́. Ẹni tó bá rí ewé dúdú, tó rí èèrà tó tò lọ sókè igi bí èrò BRT, kí ó má wulẹ̀ bi babaláwo. Kí ó yí ewé náà padà ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan àárín ewé, ibẹ̀ ni ìwọ kòkòrò àti ìdílé rẹ jókòó sí, ẹ há mọ́ra bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, ìda funfun yọ ní etí ara yín bí wajawaja etí aṣọ òkè.

Obìnrin ló ń jọba nílé yín. Kò ní ìyẹ́, kì í sì í sáré lọ síbì kankan. Ọkọ rẹ̀ ní ìyẹ́ méjì, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dàgbà tán, kò ní ẹnu tó lè fi jẹun. Á jáde, á gbéyàwó, á kú. Mo mọ ìyàwó ilé kan ní Alápẹ̀rẹ̀ tó sọ pé ọkọ tó bójú mu nìyẹn.

Oríkì tí kò kan orírun, ariwo lásán ni. Ọmọ ìhà gúúsù Éṣíà ni ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n rí ọ ní Gánà àti Tógò, o kò ní físà, o kò gbé báàgì. Máńgòrò tí àwọn ará abúlé fi ṣe gbọ̀ngàn ìpàdé, abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé jókòó mọ́, àwọn mìíràn sì fi àáké dá tiwọn lẹ́jọ́. Ó di 1986 kí onímọ̀ kan tó fún ọ lórúkọ ìwé, Rastrococcus invadens. Èdè Látìn ni ìdajì kejì, ó túmọ̀ sí ẹni tó ń fipá wọ ìlú onílùú. Àwa ń ta ilẹ̀ ra oyè. Ìwọ, wọ́n gbé oyè tọ̀ ọ́ wá.

Ta ló gbé ọ kọjá òkun? Afẹ́fẹ́ lè gbé àwọn ọmọ rẹ tíntìntín láti ọgbà kan sí èkejì, kò lè gbé wọn láti Íńdíà dé Lomé. Ọmọ ènìyàn ló ń gbé igi tí ìwọ wà lára rẹ̀. Títí di òní, ẹni tó bá ra òdòdó lẹ́bàá títì, tó gbé e jù sínú búùtù láìyí ewé wò, awakọ̀ rẹ ni. Ìjọba Èkó tilẹ̀ ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje lọ́dọọdún láti 2008. Ohun rere ni, ìlú yìí nílò ibòji. Ṣùgbọ́n bí o bá rò pé tábìlì ni wọ́n ń tẹ́ fún ọ, mi ò ní bá ọ jiyàn.

Ohun tó ń dùn mí fún ọ ni pé wọ́n ń ṣì ọ́ mú. Lábẹ́ ewé igi fúrúùtù, kòkòrò funfun mìíràn wà tó ń fi ìda ya ìlà tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Bí ènìyàn bá gbọn ẹ̀ka tó wà, á fò bí eérú. Ìbátan òkèèrè ni. Ọ̀nà Karíbíà àti Àárín Amẹ́ríkà ló ti wá, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwọ obìnrin kì í fò. Iyì ọba ni kó jókòó. Ìwé ìròyìn kò sì kà ọ́ sí bí wọ́n ṣe ka kòkòrò tòmátì sí ní 2016, èyí tí wọ́n sọ ní "Ebola tòmátì", tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì fi di ohun àwòyanu ní Mile 12. Nítorí pé a kì í fi ewé máńgòrò se ọbẹ̀ ni.

Ìjúbà tó jinlẹ̀ jù tí a ṣe fún ọ, ti ọ̀tápíàpíà ni. Ní 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké dichlorvos, oró inú rẹ̀. Bàbá rí tiẹ̀ rà, kò sọ ibi tó ti rí i. Ọmọkùnrin kan gun orí igi, ó fín in sọ́tùn-ún, ó fín in sósì. Àwọn ọmọ ilé ń wúkọ́, ìyá alákàrà palẹ̀ agbada mọ́, adìẹ ojúlé kẹta kú. Ìwọ ńkọ́? Ìda ara rẹ dà bí aṣọ òjò. O kàn sún mọ́ra.

Kábíyèsí, jọ̀ọ́, má bínú, mo fẹ́ dárúkọ ọ̀tá rẹ láàfin. Agbọ́n kan ni, kì í ta ènìyàn, ó kéré débi pé ògún wọn lè gba orí èékánná àtàǹpàkò. Gyranusoidea tebygi ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ lọ wá a rí ní Íńdíà tí ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987, ó sì dé Bẹ̀nẹ̀ àti ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà. Ṣe ni yóò yé ẹyin sínú ara rẹ. Ọmọ rẹ̀ á jẹ ọ́ láti inú wá, ìwọ aláṣọ-àlà á gbẹ, á di awọ, ọmọ náà á sì lu ihò róbótó sí ọ lẹ́yìn, á bá ibẹ̀ jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 ṣírò èrè rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ sí mílíọ̀nù 531 dọ́là láàárín ogún ọdún. Owó tí wọ́n ná sí i kò pé mílíọ̀nù 4. Ó wá jẹ́ pé ọ̀fẹ́ méjì ló wà ní Kòsọ́fẹ́: ìwọ tó ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, àti ẹni tó ń jẹ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Agbọ́n yìí ni ọ̀tápíàpíà ń pa. Ìwọ wọ aṣọ òjò, òun ń fò kiri láìdé fìlà. Èyí tó bá sì yè, èèrà ń dínà fún un, àwọn bọ́dígáàdì rẹ tí o ń fi ìtọ̀ san owó oṣù wọn.

Nígbà tí Bàbá bínú tán, ó ní òun á pe aláyùn, kí igi náà wó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òjò rọ̀ ná, nítorí òjò kì í bá ọ ṣọ̀rẹ́. A gé àwọn ẹ̀ka tó funfun jù, a sun wọ́n. A fi omi ọṣẹ fọ ewé tí ọwọ́ tó. A wé bébà mọ́ ìdí igi, a fi gíríìsì kùn ún, èèrà dé ibẹ̀, wọ́n dúró bí ọkọ̀ nínú gosiló. Kò sẹ́ni tó tún fín nǹkan kan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí aláyùn dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo já ewé kan fún Bàbá. Ó wá gíláàsì rẹ̀, ó gbé ewé súnmọ́ imú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ ti pọ́n bí awọ gbígbẹ, ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

"Kí ló jáde níbí?"

"Ẹni tó wá gbowó ilé ni, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí aláyùn máa lọ. Aláyùn kò mira. Ó ní epo tí òun rà ńkọ́, owó ọkọ̀ láti Ọ̀jọ̀tá ńkọ́, ṣé a ti gbàgbé ibi tí a wà ni?