Ìjàpá, Akọ̀wé Ìran Adìẹ

Àlọ́ o! — Àlọ̀ ọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Àkùkọ Aṣa, ẹni tí ìyẹ́ rẹ̀ kákò bí ẹni tí ìjì gbá mú.

Àkùkọ yìí jí lọ́jọ́ kan, ó ní láti òní lọ, adìẹ tí kò bá lè ka bàbá àti baba ńlá tí wọ́n jẹ́ ògidì aṣa kò gbọ́dọ̀ ṣa àgbàdo lójúde ọba mọ́. Àwọn adìẹ wo ara wọn lójú. Ta ló ń ka bàbá lórí ààtàn?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìjàpá ti gbé tábìlì síta. Agbọ̀n àgbàdo kan, ìran mẹ́ta. Àpò kan, ìran mẹ́rìndínlógún. Bí oníbàárà bá dé, á dárin:

Lílé: Ọmọ ta ni ọ́?
Ègbè: Kùkùrùkú!
Lílé: Ta ló yé ẹyin rẹ?
Ègbè: Kùkùrùkú!
Lílé: Àgbàdo ni yóò sọ ọ́!
Ègbè: Kùkùrùkú!

Yánníbo bi í pé, "Baálé mi, ṣé ẹ mọ bàbá àwọn wọ̀nyí ni?" Ìjàpá ní, "Ẹni tó bá sanwó ló ní bàbá." Pẹ́pẹ́yẹ pàápàá san tirẹ̀. Ìjàpá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ògidì adìẹ. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn wú ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín: ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ aládìẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1874, bí adìẹ ṣe yẹ kó rí ló ń sọ, ẹni tó bí i, ọlọ́sìn ni yóò mọ̀.

Ẹni tó mọ̀ lágboolé tiwa ni Ìyá Òpìpì, àgbà àgbébọ̀ tí kò mọ̀wé. Ó ṣe ilẹ̀kùn sí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àgbébọ̀ bá wọlé, ilẹ̀kùn á tì í mọ́bẹ̀ títí Ìyá Òpìpì yóò fi mú un jáde, tí yóò fi èédú sàmì sí ẹyin rẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ àkùkọ, ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ka ẹyin sí ti ọkọ tuntun, torí àtọ̀ ọkọ àná kì í tètè tán lára àgbébọ̀. Bí ẹyin bá pa lọ́jọ́ kọkànlélógún, á lu ihò wẹ́wẹ́ sí awọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ òròmọdìẹ. Awọ méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ó lu òmíràn, ó fi òmíràn sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àmì mẹ́rìndínlógún, géérégé bí ojú Odù. Babaláwo kankan kò sì kọ́ ọ.

Àkùkọ Aṣa wá gbé Àgbébọ̀ Aṣa níyàwó, kí ayé lè rí ògidì. Ẹyin mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ pa. Ìgbà tí ìyẹ́ hù ni ọ̀rọ̀ hù: mẹ́rin kákò bíi bàbá, méjì, ìyẹ́ wọn ń já dànù títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò, méjì dán bọ̀rọ́ bí adìẹ ààtàn.

Àkùkọ figbe ta: "Ìyàwó mi ti yan àlè!" Ìjàpá ní kó gbé àpò àgbàdo kan sí i wá, òun yóò kọ ọ́ pé àlejò ni àwọn méjì tó dán. Ìyá Òpìpì gbé wọn, ó na ẹsẹ̀ wọn sókè:

Lílé: Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ!
Ègbè: Kùkùrùkú!
Lílé: Ilẹ̀kùn ló tì í!
Ègbè: Kùkùrùkú!
Lílé: Ìwọ lo bí wọn o!
Ègbè: Kùkùrùkú!

"Ohun tó ń mú ìyẹ́ kákò," ó ní, "ẹyọ kan lo ní, ẹyọ kan ni ìyàwó rẹ ní. Ọmọ tó bá gba ẹyọ kan á rí bíi yín. Èyí tó gba méjì, ìyẹ́ rẹ̀ á máa já. Èyí tí kò gba nǹkan kan, á dán. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ló sábà ń rí bẹ́ẹ̀. Dídán wà lára ìwọ náà, ọmọ mi. Baba ńlá rẹ kan ti orí ààtàn wá."

Ọba pe ìgbìmọ̀. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n ní kí Ìyá Òpìpì san agbọ̀n àgbàdo méjì, torí ó lu ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ láìgba ìwé àṣẹ. Ìjàpá ló kọ ìdájọ́ náà sílẹ̀, ó sì gba owó ìkọ̀wé. Àwọn ọmọ méjì tó dán, ó kọ wọ́n sí ìdílé Pẹ́pẹ́yẹ.

Ihò ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.