Ìyá Àbẹ̀kẹ́ Wọ Pápá

Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní agbègbè Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Bó bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, ẹnì kan á ní, "Ẹ kú eré sísá o." Bó bá lọ ra èlùbọ́, ẹni tó ń tajà á bi í bóyá kí òun fi glucose kún un. Á máa rẹ́rìn-ín, inú á sì máa bí i. Ọmọ Ìbàdàn ni, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò sì fara mọ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ohun tó dá a lójú pé òun jàre.

Eré ìdárayá ọmọ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wọ ìpele keje, tí í ṣe ẹgbẹ́ JSS 1 tilé. Ìpele kẹfà dé ìkẹjọ ni wọ́n ń pè ní middle school níbẹ̀, àmọ́ ní Texas, ìpele keje ni ọmọ sábà máa ń tó bá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn díje lórúkọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìyá retí ọjọ́ náà ju ọmọ lọ. Òun náà sáré fún Yellow House nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama n'Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó ti jẹun nílé rẹ̀ rí tí kò tíì gbọ́ ìtàn náà.

Ìwé ló kọ́kọ́ bá a jà. Nílé, bí tíṣà eré ìdárayá bá ti nàka sí ọmọ pé, "Ìwọ, ẹsẹ̀ rẹ gùn, bọ́ síbí," ó parí nìyẹn. Ní Texas, ọmọ kò gbọdọ̀ bá wọn ṣe ìdánrawò pàápàá títí dìgbà tí wọ́n bá yẹ ara rẹ̀ wò, tí òbí sì dáhùn oríṣiríṣi ìbéèrè lórí ìlera rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti kú ikú òjijì, tàbí ikú àìsàn ọkàn, kó tó pé ẹni 50 ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní kí òbí sọ. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" sí i gàdàgbà. Nọ́ọ̀sì ni o! Òun náà ń bi àwọn aláìsàn ní irú ìbéèrè yìí níbi iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé àwọn àrùn ọkàn kan wà tó ń rìn nínú ìdílé, tí kì í fara hàn títí ọmọ á fi sáré débi tí èémí rẹ̀ ò ní délẹ̀ mọ́.

Ó wọn ìfúnpá ọmọ fúnra rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n dá a padà. Dókítà, olùrànlọ́wọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tó gba ìwé ẹ̀rí gíga, tàbí oníṣègùn tó ń to eegun ẹ̀yìn nìkan ló lè buwọ́ lù ú. "Ẹni tó ń to eegun!" ló ń pariwo sí àbúrò rẹ̀ n'Ìbàdàn lórí fóònù. "Ẹni tó ń to eegun lè fọwọ́ sí i, èmi ò lè fọwọ́ sí i!"

Ọ̀rọ̀ máàkì nìkan ni kò mú wàhálà wá. Láti 1984 ni òfin kan ti wà ní Texas tó bá ìwà bàbá Yorùbá mu wẹ́kú: bó ṣe wà lónìí, ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá dín ní 70 nínú iṣẹ́ kan lè máa ṣe ìdánrawò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ díje, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ross Perot, olówó tó wá gbégbá ìbò ààrẹ lẹ́yìn náà, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó dábàá rẹ̀. Gómìnà Mark White ló buwọ́ lù ú. Àwọn kóòṣì bínú sí White gan-an, nígbà tí ìbò 1986 sì dé, ó fìdí rẹmi. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ní ká ní òun wà ní Texas nígbà náà ni, òun nìkan ì bá dìbò fún un nígbà ogún. Ó tẹ òfin náà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ni ìdíje eré sísá Àbẹ̀kẹ́ bọ́ sí. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti wọ aṣọ iṣẹ́, nítorí aago méje ló máa wọṣẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà pápá pẹ̀lú dọ́là lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní àwọn kì í gba owó. "Ẹ kì í gba owó? Èyí tí mo mú dání yìí ńkọ́, ewé ni?" Orí fóònù ni wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, bátìrì tirẹ̀ sì ti fẹ́ tán. Ìyá àgbà kan tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ló ṣàánú rẹ̀, tó ra tiẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Kó tó ríbi jókòó, orí rẹ̀ ti gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kó ro ti ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́ ọn.

Wọ́n pe eré 800 mítà, ìyípo méjì. Àbẹ̀kẹ́ bọ́ síta, ẹsẹ̀ gbọọrọ, irun tí ìyá rẹ̀ dì fún un ṣì ń dán. Wọ́n yìnbọn. Nígbà tí ìyípo kìíní parí, ipò kẹrin ló wà. Wọ́n wọ ìyípo kejì, ó ré ẹnì kan kọjá. Ìyá dìde. Àwọn òbí tó wà lẹ́yìn bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, àwọn ò ríran. Kò gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rí i pé ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fò sókè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sábẹ́ apá, ó sì wọ pápá.

Ẹni tó bá wo fídíò náà (fídíò wà, ta ni ò tíì rí i?) á jẹ́rìí pé obìnrin náà ṣì lè sáré. Orí koríko, létí ìlà, ló ti ń bá ọmọ rẹ̀ lọ, ike omi lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo glucose lọ́wọ́ òsì. "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o! Má wẹ̀yìn! Ó ti rẹ èyí tó wà níwájú yẹn! Lé e bá!" Ariwo sọ, gbogbo èèyàn dìde lórí ìjókòó, ó rò pé àwọn ni wọ́n ń gbárùkù tì. Ọmọ ń sáré, ó ń juwọ́ sí i pé kó padà. Ó rò pé glucose ló ń béèrè. Ó ṣí agolo.

Ibẹ̀ ni adájọ́ kan tó dúró ní kọ̀rọ̀ pápá ti na àsíá yẹ́lò sókè. Níbi eré sísá, àsíá funfun túmọ̀ sí pé kò séwu, yẹ́lò ni pé ẹnì kan ti rú òfin. Ta ló sọ ìyẹn fún ọmọ Yellow House? Ìyá Àbẹ̀kẹ́ rí àwọ̀ ilé rẹ̀ lókè réré ní Texas, orí rẹ̀ wú, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, glucose fọ́n ká. "Up Yellow! Up Yellow!"

Ipò kejì ni Àbẹ̀kẹ́ ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Òfin ni pé ẹni tí kò sí nínú ìdíje kò gbọdọ̀ bá eléré sáré. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n kà á sí, eléré ló sì ń jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ọlọ́pàá ilé ẹ̀kọ́ sin ìyá jáde, ó ń pè é ní "ma'am" ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ lé èèyàn jáde tó Texas.

Ọmọ bá bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ padà, bàbá rẹ̀ ló lọ gbé e lálẹ́. Inú ọkọ̀ ló ti sọ ọ́: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Mọ́mì kí wọ́n má wá mọ́."

Ìyá gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó tibi iṣẹ́ dé. Kò pariwo. Ó jókòó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ sáré n'Ìbàdàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè pé ta ló dá sáré rí nínú wọn.

Ẹ̀yin náà mọ bí inter-house ṣe ń rí. Wọ́n á ti fi ẹfun fa ìlà sórí pápá láti àná. Wọ́n á yan kọjá níwájú àwọn àlejò pàtàkì, eré àpò á tẹ̀ lé e, ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ṣíbí, omi bíbù sínú ìgò, títí dé eré àwọn bàbá, níbi tí ọ̀gá báńkì kan tó níkùn á ti ṣubú yakata. Ọmọ tó bá ń bọ̀ lórí ìlà, ìyá rẹ̀ ń bá a bọ̀, àǹtí rẹ̀ ń bá a bọ̀, ìyá oníbúrẹ́dì tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ń bá a bọ̀. Bó bá dé òpin, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á da glucose sí i látẹ́lẹwọ́. Ní Houston, òbí kọ̀ọ̀kan tẹjú mọ́ fóònù títí á fi kan ọmọ tirẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe ìkẹyìn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un pé ó ṣe dáadáa. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní ìyẹn ló ká òun lára jù. "Ó ṣe ìkẹyìn! Kí ló ṣe dáadáa níbẹ̀?"

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tilé ló dáa. Ọmọ tó bá forí gbálẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù, omi tútù ni wọ́n máa dà sí i lórí, wọ́n á ní, "Dìde, ṣe bí ọkùnrin," á sì padà sínú eré. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ 13 ọdún kan, Zackery Lystedt, ní ìpínlẹ̀ Washington ní 2006. Ó forí gbálẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ó padà wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀jẹ̀ ya sí i lọ́pọlọ, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń dìde dúró. Ní 2009, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin lórúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn. Texas ṣe tirẹ̀ ní 2011. Bí wọ́n bá ti fura pé orí ọmọ mì, ó gbọdọ̀ kúrò lórí pápá, kò sì ní padà àfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Bàbá tó bá ń pariwo pé kò sóhun tó ṣe ọmọ òun, ariwo lásán ló ń pa. Ní tèyí, àwọn òyìnbó jàre wa.

Ẹsẹ̀ tó bá yí nìkan ni ìjà kù sí. Yìnyín ni wọ́n ń gbé lé e níbẹ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, tó ń gbé yìnyín lé ẹsẹ̀ aláìsàn lálaalẹ́, omi gbígbóná àti ìpara Aboniki ló ń lò nílé.

Hakeem Ọlájuwọ́n, agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n nì, ni ọkọ rẹ̀ fi tù ú nínú. Nígbà tí ọmọ Èkó yẹn wà lẹ́gbẹ́ Àbẹ̀kẹ́, kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù agbọ̀n rárá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tán kó tó bẹ̀rẹ̀, ó dé Yunifásítì Houston ní 1980, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ fún ẹgbẹ́ Houston Rockets ní 1994 àti 1995. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní ìyá Ọlájuwọ́n ò sí ní Texas ni wọn ò ṣe rí i lé jáde.

Kóòṣì kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìjà. Ìdíje ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣeé ṣe láìsí òbí tó yọ̀ǹda ara rẹ̀: ẹni tó ń di aago mú, ẹni tó ń ta omi, ẹni tó ń wọn ibi tí ọmọ fò dé. Ó ní bí obìnrin náà bá fẹ́ràn orí pápá tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wà. Wọ́n fún un ní réèkì pé kó máa tẹ́ yanrìn níbi tí wọ́n ti ń fò jìnnà, ní igun pápá tó jìnnà jù sí ìlà ìparí. Àbẹ̀kẹ́ ló yan igun náà. Wọ́n tún ní kó fi agolo sílé.

Àbúrò rẹ̀ pè é láti Ìbàdàn kó lè gbọ́ nípa iṣẹ́ tuntun náà.

"Sístà mi, èló ni wọ́n ń san fún yín?"

"Wọn ò san nǹkan kan."

"Ẹ̀ ń tẹ́ yanrìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n tó wọlé."