Ejò Tí A Fowó Rà

Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí a ò bá lé ejò, ejò ní ń lé wa. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó pé bẹ́ẹ̀. Ohun méjì péré ni wọ́n rò pé ó lè mú kí ènìyàn gbà kí ẹ̀gún ya òun lẹ́sẹ̀: èrè tó wà níwájú, tàbí ewu tó wà lẹ́yìn. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àgbàlagbà yóò fowó ara rẹ̀ ra ejò, tí yóò so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí yóò sì máa pariwo pé ó ń lé òun.

Bí ẹsẹ̀ bá gbé yín dé Cow Lane nílùú Accra, eré tó nídìí ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Àwọn kayayei, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá láti apá àríwá Gánà, á ru bàsíà ẹrù, wọn á máa já láàárín mọ́tò àti ọmọlanke nínú oòrùn ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó so aago mọ́ wọn lọ́wọ́ láti ka bí àyà wọn ṣe ń lù. Owó ẹrù ni wọ́n ń kà.

Àwọn baba wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìgbẹ́tì wá ṣòwò ní Gánà náà lé ejò tiwọn, ìyẹn owó. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ejò yíjú padà: ìjọba Busia tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tó sá nígbà náà kò sá lásán.

Kẹ̀kẹ́ pàápàá ti nídìí rí. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Gánà, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ó lé ní 2,000 máìlì, tòun ti agbádá lọ́rùn, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó rò pé ìhòòhò là ń rìn lè fojú rí aṣọ. Ní 2001, Emmanuel Ofosu Yeboah, tó ti dán bàtà jẹun rí ní Accra, fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gun kẹ̀kẹ́ la Gánà já, nítorí wọ́n ka abirùn sí alágbe. Àìmọ̀kan ni Àjàlá ń lé. Ẹ̀gàn ló ń lé Emmanuel, òun náà sì yíjú padà lé e.

Ẹ wá wo ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù wa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, láàárọ̀ Sátidé. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kì í gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ló ń rán. Lónìí, ó ti kó sínú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, ó gun kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọrí sí òkè Aburi. “Kò sí ìdíje o,” wọ́n búra, “ìgbádùn lásán ni.” Láti Adenta ni ọlọ́gbọ́n inú wọn ti sá sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, kí Ẹ̀gbọ́n máa bá a la afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè ní Ayi Mensah, á yọ sí ẹ̀gbẹ́, á kọjá, á sì bojú wẹ̀yìn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o!” Ẹ̀gbọ́n tí èémí ti fẹ́ẹ̀ tán nínú rẹ̀ á dáhùn pé, “Kò séwu, àbúrò. Igi ni mò ń wò.”

Ta ló ń lé wọn? Fóònù tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Láti 2009 ni áàpù tí wọ́n ń pè ní Strava ti wà, ó ń ka ìṣẹ́jú, ó ń dé adé fún ẹni tó bá yára jù lórí òkè. Adé tí kò nílùú, tí kò níjòyè, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lórí rẹ nígbà tí o bá ń sùn. Ọgbà Aburi ti wà lókè yẹn láti 1890, ó kún fún igi àti ibòji. Àwọn tó lọ wo igi kò wọ inú rẹ̀. Etí ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, oníkálukú ń wo nọ́ńbà.

Ìdíje kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà fi ìjàkadì ṣorò: ẹ̀yìn ẹnìkan á kanlẹ̀, gbogbo ojú á rí i, ìlù á dún, ọ̀ràn á tán. Ti orí fóònù kì í tán, nítorí ẹni tó dá ọ lè má mọ̀ pé o wà láyé. Ara ló ń jìyà rẹ̀. Nínú ooru Accra tí kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, àyà ń kígbe pé ó tó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ Sátidé, ẹ bá ara yín du òkè, kí ẹni tó kọ́kọ́ dé ra omi de àwọn tó kù. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí gbogbo yín fi fóònù sílé, kí ẹ wá ka iye ẹni tó yọjú. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ òun ṣàdédé bàjẹ́, ẹ má bínú sí i: fóònù ló ń bá ṣẹgbẹ́ látọjọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀yin.