Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kábọ́ì Bẹyẹrúnkà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ìwọ ọmọ Ìbàdàn tó ń fi imú kọrin bí ará Mississippi. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ ọ́ nísinsìnyí. Bí gìtá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn lọ́sàn-án gangan, àwọn ìyá ẹlẹ́kọ á ní, "Kábọ́ì ti jí." Fìlà abetí fẹ̀ǹgẹ̀ àti bàtà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún nínú ooru oṣù kẹta, a ti gbà á fún ọ. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì. Ìwọ ni onílé àkọ́kọ́ tí mo rí tó sọ ara rẹ̀ di àjèjì kí ìlú baà lè gbè é.

Má bínú. Ọwọ́ rẹ dá múṣé nídìí gìtá, mi ò sì ní parọ́ mọ́ ọ. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò ni pé, nígbà tí o ń wo àwọn olórin Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn, aṣọ wọn lo wò, o ò wo iṣẹ́ wọn.

Ìwọ náà mọ Mississippi John Hurt. O ti kọ orin rẹ̀ títí ajá àdúgbò fi mọ ibi tí ègbè ti ń wọlé. Ṣé o mọ bí ayé bàbá náà ṣe rí? Ní 1928 ló ṣe àwo fún ilé iṣẹ́ Okeh. Àwo ò tà, bàbá padà sóko rẹ̀ ní Avalon, ó ń dáko, ó ń daran, ẹnikẹ́ni ò sì bèèrè rẹ̀ mọ́ fún bí ọdún márùndínlógójì. Ní 1963, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tom Hoskins gbọ́ nínú ọ̀kan lára àwọn àwo àtijọ́ yẹn pé olórin dárúkọ ìlú rẹ̀. Ó wá Avalon lórí máàpù, ó wa ọkọ̀ lọ, ó bá bàbá láàyè. Kí ọdún náà tó parí, John Hurt ti dúró níwájú èrò rẹpẹtẹ níbi àjọ̀dún orin ní Newport. Ọdún mẹ́ta péré ló lò lẹ́yìn náà kó tó kú ní 1966. Bí Hoskins bá jókòó sílé tó ń ra fìlà ńkọ́?

Bill Monroe tí wọ́n ń pè ní bàbá orin bluegrass, ìdí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Pen Vandiver, tó ń ta gòjé òyìnbó, ló ti kọ́ṣẹ́, àti lọ́dọ̀ Arnold Shultz, aláwọ̀ dúdú onígìtá kan ní Kentucky níbẹ̀. Duane Allman tó fi gìtá mi gbogbo gúúsù Amẹ́ríkà tìtì, orin tí Blind Willie McTell ti ṣe sínú àwo láti 1928 ló wà lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Ìgò oògùn ọ̀fìnkìn ni Allman ń kì bọ ìka tó fi ń fa okùn gìtá. Èyí ni ìwọ rí kọ́. Ìyá alágbo ní Ọjà'ba ní kí n bi ọ́, ìgò òun mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ?

Àwọn kan á sọ fún ọ pé orin òyìnbó lò ń kọ. Má dá wọn lóhùn. Báńjò tí ò ń tọ́jú owó láti rà, àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló fi igbá àti awọ ṣe é lókè òkun. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀, akonting, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Jola ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà. Nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, gìtá-báńjò ló gbé dání. Ọgbọ́n báńjò bá ẹrú lọ, inú pálí ọjà ló bá dé. Nítorí náà, ìjà àjèjì kọ́ ni mo ń bá ọ jà.

Ìjà mi rèé. Ní 2005, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́ta kan, Rhiannon Giddens àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ń lọ sílé Joe Thompson ní North Carolina ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bàbá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó ń ta gòjé, àwọn náà ń gbè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí lára orin tí ẹgbẹ́ wọn, Carolina Chocolate Drops, fi gba Grammy ní 2011. Ọdún 2005 yẹn kan náà ni Dáúdà Epo-Àkàrà kú nílẹ̀ yìí. Wéré tí àwọn ọmọ ń fi jí onísààrì nínú oṣù Ramadan, tó bí fújì l'Ékòó, òun náà ni Dáúdà fi ṣe Àwúrèbe n'Íbàdàn. Ta ló ń lọ sílé rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú gìtá? Ta ló jókòó ti Tátàló Àlàmú, olórin Ìbàdàn mìíràn?

Ìwọ kọ́, ìwọ ṣì kéré nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó tó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó lu agídìgbo láyé àwo alápótí ṣì wà nínú àwọn agbo ilé tó wà láàárín Bẹẹrẹ sí Mápó. Òmíràn ń ta bátìrì àti tọ́ọ̀ṣì. Òmíràn ò ṣe nǹkan kan, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, tó ń wo bí ìwọ ṣe ń gbé gìtá kọjá láìkí i. (Èyí tilẹ̀ dùn mí ju ti orin lọ.)

Lọ bá ọ̀kan nínú wọn, kí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí o mú obì dání. Tan fóònù rẹ, kí o jẹ́ kó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Má sọ fún bàbá pé ìgbàsílẹ̀ lò ń ṣe títí tí yóò fi bú ọ tán, nítorí yóò bú ọ. Èébú rẹ̀ gan-an á dùn létí ju gbogbo ohun tí o ti kọ lọ́dún yìí. Bí ó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu agídìgbo, wá okùn gìtá tó bá a mu, kí o sì gbè é, kí o má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni agbo ilé tí o ti wá. Jọ̀ọ́, má dáhùn pé Mississippi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Bẹẹrẹ, tí ò ń jí lójú oorun ọ̀sán.